Màá Kà Á Fúnra Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà 2025
Èmi Àtọ́kẹ́, opó, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, oníbúrẹ́dì-àti-ẹyin l'Ágbowó, ni mò ń kọ ìwé yìí. Ìlà kan péré, òógùn ti bò mí bí ẹni tó ń gúnyán.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà
Ìrẹ̀mídé, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi, ló kọ́ mi ní a, b, d lọ́dún tó kọjá. Ìyókù, ara ògiri àti ara mọ́tò ni mo ti kọ́ ọ. Lónìí, l'Ójòó, mo ka odindi gbólóhùn láìdúró: Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Inú mi dùn, mo tún un kà sókè. Ọkùnrin tó dúró níbẹ̀ sáré fa síìpù rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà
Mo ka ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fi kọrin láti ọdún mọ́kànlá ò sí níbẹ̀ rárá. Èmi tí ohùn mi ń borí ti gbogbo ìjọ!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà
Akọ̀wé dé — Olúdọ̀tun, àbúrò ọkọ mi. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí òun ló ń bá gbogbo ilé kàwé. Ó mú ìwé kan wá, pẹ̀lú páàdì tàdáwà. Ó ní kí n tẹ̀ka, pé wọ́n fẹ́ fa iná dé ilé tí ọkọ mi kọ́ sí Móníyà. Mo ní màá kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀rín pa á: "Ìyàwó wa, ẹ̀yin kẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á síta. Ẹyin jóná. Mo dé ọ̀rọ̀ kan — yọ̀ǹ-da — mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta kí etí mi tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Èmi Àtọ́kẹ́ yọ̀ǹda ilé ọkọ mi fún Olúdọ̀tun. Òpó iná kankan ò sí níbẹ̀. Opó nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ní mi ò mọ̀wé kà dáadáa. Òótọ́ ni. Mo ní, "Ẹ bá mi kà á nígbà náà." Kò kà á.

Mo yá bírò lọ́wọ́ Ìrẹ̀mídé tó ń dúró de oúnjẹ, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀: Mo kà á. N kò gbà. Àtọ́kẹ́. Lẹ́tà tó tóbi bí àkàrà.

Ọjọ́rú, 19 Ẹrẹ́nà
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ilẹ̀kùn kí n tó sùn lánàá. Akọni!

Ọjọ́ Àìkú, 23 Ẹrẹ́nà
Ìyá ọkọ mi pè láti Móníyà. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Wọn ò bú mi. Ohùn wọn rẹlẹ̀ gan-an: "Ìyàwó mi, wọ́n ní o ti mọ̀wé. Jọ̀ọ́, wá bá mi ka èyí tí Olúdọ̀tun mú wá fún èmi náà. Mo ti tẹ̀ka sí i láti èṣí."