Ilé Amọ̀ Tí Wọ́n Ń Kó Ewì Pamọ́ Sí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Sókótó níbí. Mo kí Màámi, mo kí Ìyá Àgbà nínú yàrá ẹ̀yìn. Inú ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń kà láràárọ̀ ni mo kọ èyí sí, nítorí pé lórí fóònù, ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ ti ra fọ́ọ̀mù, ẹ ní kí n tún ìdánwò àṣewọlé ṣe, kí n fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀, kí n lọ kọ́ akáúǹtì. Ẹ bi mí pé ṣé ewì ni n ó máa jẹ. Bàbá, ó dùn mí, nítorí ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń ba èmi náà. Ìdánwò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wa ní yunifásítì níbí, díẹ̀ ló kù kí n fìdí rẹmi. Ọyẹ́ ti la ètè mi. Ní Runjin Sambo tí mo ń gbé, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, olùkọ́ wa kó wa lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Wamakko. Oko àlùbọ́sà tutù yọ̀yọ̀ títí dé etí odò. Ilé amọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìka ya ọnà sí gbogbo ara ògiri rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ewì ìyá kan tó ti kú tipẹ́ sí, nínú àpò awọ, bó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ọmọ-ọmọ ìyá náà, bàbá arúgbó kan tí à ń pè ní Màlámù, ló ń tọ́jú ibẹ̀.

Bí mo ṣe rí Màlámù, mo na gbalaja sílẹ̀. Bàbá, ṣe ni wọ́n fò sẹ́yìn! Wọ́n ń pariwo pé kai, kí n dìde kíákíá, pé Ọlọ́run nìkan lèèyàn ń forí balẹ̀ fún. Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ti fi àyà gbálẹ̀ fún onílé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé fún Màlámù pé kì í ṣe ìjọsìn, bí bàbá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Màlámù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn. Nígbà tí wọ́n ka ewì náà tán, wọ́n bi mí pé ilé tó tọ́ ọmọ báyìí, ewì ta ni wọ́n ń pa mọ́ níbẹ̀? Mo rántí ẹkún ìyàwó tí Ìyá Àgbà máa ń sun tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Màlámù wò mí bí ẹni tí mo sọ fún pé ilé wa ń jóná tí mo sì jókòó.

Nítorí náà, Bàbá, n kò ní ṣe ìdánwò yẹn. Ẹ fún àbúrò mi ní fọ́ọ̀mù náà, òun ló fẹ́ràn ìṣirò. Ó ṣeé ṣe kí n fìdí rẹmi o. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdí ewì náà ni kí n ti fìdí rẹmi. Ẹ lè bínú sí mi, ó tọ́ sí yín.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ilé kò ní dàrú. Ẹ bá mi kí tẹbí-tará. Ẹ sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n má tíì bó ẹ̀gúsí ọdún yìí tán. Bí a bá ti gba ìsinmi, mo ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. N ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ̀yin kò ní fò sẹ́yìn. Bí mo bá ti dìde, yàrá ẹ̀yìn ni mo ń lọ.

Èmi ọmọ yín, tí kò gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan yìí,
Àkànní.