Aṣọ Tí Kò Tíì Parí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Láwùmí Àyànníyì, 1926 sí 1988

Ní Ìgbòho, ní agbo ilé Ajíbóyè, ni a ti bí Màmá wa ní ọdún 1926. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, Gbádérọ̀. Amọ̀kòkò ni ìyá wọn, Moróunkẹ́. Onítẹ̀bọmi ni àwọn méjèèjì, inú ìgbàgbọ́ náà ni Màmá sì dàgbà sí.

Wọ́n kàwé nílùú wọn, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1951 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olùkọ́ Samuel Àyànníyì, wọ́n sì jọ kọ́lé sí Àpáta. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ lónìí: Màmá kò mọ aṣọ rán rárá. Bí bọ́tìnì bá já nílé wa, Bàbá ni í rán an padà.

Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1981. Ní 1979, obìnrin kan tó ti tó ẹni ogójì ọdún wá sí ilé ìwòsàn wọn fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n ṣe ní kó dùbúlẹ̀, ó sá jáde láìwọ bàtà. Màmá gbé bàtà náà tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Níbẹ̀ ló ti sọ fún wọn pé ìbátan bàbá òun kan ló fipá bá òun lòpọ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Màmá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ibi tí wọ́n lè darí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù. Èsì yìí ń bí Màmá nínú títí ọjọ́ ikú wọn.

Ní 1982, ẹgbẹ́ aláàánú kan fún wọn ní yàrá ní Bódìjà láti máa gba irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ náà kọ àkọlé gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn, tó sọ irú ẹni tí yàrá náà wà fún. Ta ni yóò gba abẹ́ rẹ̀ wọlé lójú aládùúgbò? Ẹni mẹ́ta péré ló wá lọ́dún kan. Ẹgbẹ́ náà ní kí Màmá ka orúkọ wọn ní ìpàdé, kí àwọn lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Màmá dá kọ́kọ́rọ́ wọn padà.

Àlháájà Zùwáírátù Bùsàrí, ọ̀rẹ́ Màmá láti ìgbà iṣẹ́, ló wá ṣọ́ọ̀bù kan fún wọn láàárín àwọn télọ̀, ní àdúgbò tí a kò ní dárúkọ. Àlháájà gbé máṣíìnì ìránṣọ síbẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ mú aṣọ dání. Aṣọ kan ṣoṣo kò jáde níbẹ̀ rí. A kì í béèrè ìdí tí obìnrin kò fi pariwo nígbà náà. A kì í fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ. Ẹni tó fẹ́ jókòó láìsọ̀rọ̀ lè jókòó. Màmá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń dúró ti ẹni tó bá fẹ́ rí dókítà.

Ní 1986, ọkọ ẹnìkan wá láti Dùgbẹ̀, ó ní bùbá wo ni a ń rán fún odidi ọdún kan. Màmá ní: “Ẹ má bínú, sà. Aṣọ náà ti ya tipẹ́, ó ń fẹ́ sùúrù. Tó bá parí, ìyàwó yín fúnra rẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́ hàn yín.” Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ló ní kí a kọ ọ́ síhìn-ín.

Ọgbọ́n télọ̀ náà ti yí padà báyìí, ìdí nìyí tí a fi lè sọ ọ́. Àwọn tó ń wá wa mọ ibi tí a wà.

Màmá fi Bàbá sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Akínbíyìí àti Ọlárónkẹ́, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ni Ọlárónkẹ́, òun ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Òun náà kò mọ aṣọ rán.

Ègé aṣọ tí a kò ṣẹ́ etí rẹ̀ wà nínú ìwé ètò ìsìnkú kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ yín. A bẹ̀ yín, tọkùnrin tobìnrin, ẹ mú un dání dé ibojì. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti mú irú rẹ̀ dání wá sọ́dọ̀ Màmá rí, ó wù wọ́n láti tún mú un wá lónìí. Bí gbogbo wa bá mú un dání, kò sẹ́ni tí yóò mọ àwọn wo ni.

Màmá Láwùmí, ẹ sùn re o. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a ó ṣílẹ̀kùn.