Ẹ̀rọ Ayùn Tí Ara Rẹ̀ Ṣí Sílẹ̀

Olóòtú wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ̀rọ iná tó ń yí ayùn pákó wa ní Ayépé ló gbiná, tó pa àbúrò mi. Ara ẹ̀rọ náà ṣí sílẹ̀, ìyẹ̀fun pákó sì wọ inú rẹ̀. Mo lọ béèrè òmíràn. Ọlọ́jà ní owó èyí tí wọ́n dé pa, tí wáyà rẹ̀ jẹ́ bàbà gidi, ti di ìlọ́po méjì láti ìgbà tí náírà ti wálẹ̀; èyí tó ṣí nìkan lowó wa ká.

Mọ́ṣádé, opó àbúrò mi, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra èyí tó ṣí. Ebi ò ní dúró de ìdérí."

Ọmọ Mọ́ṣádé yìí kan náà ni yóò máa dúró ti ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa rà?

Ẹni tí kò rí oorun sùn, Ìjẹ̀bú-Òde.