Ọjọ́ Wo Ni Yunifásítì Máa Dá Ọ Padà?

Noelia ọmọ mi,

Òjò erékùṣù Chiloé wa tí kì í dá kí ọ, èmi náà kí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù Santiago wọ inú egungun rẹ. Edelmira ìyá Néstor ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ti ẹnu rẹ̀ kún un.

Mo rí àwòrán rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù Edelmira. O ti rù, ọmọ mi, orí rẹ kò ju pòtétò kan lọ. Edelmira ní fóònù ló kéré, ó ní àbí mo fẹ́ kí odidi èèyàn wọ inú rẹ̀ ni. Ṣáà máa jẹun.

Àgùntàn funfun bí ìbejì. Ilé dákẹ́. Mo máa ń bá ààrò sọ̀rọ̀, àmọ́ òun náà kì í fèsì àfi bí igi bá tutù.

Láti ìgbà tí mo ti ta Clavel, ọ̀kan nínú akọ màlúù méjì tí a fi ń túlẹ̀, kí o lè wọ yunifásítì, Lucero kò lè dá túlẹ̀. Apá ọ̀tún la ti kọ́ Lucero láti kékeré, apá ọ̀tún náà ló ṣì ń rìn, tó ń fi àyè sílẹ̀ lósì fún akọ màlúù tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ruperto tó ń ra màlúù ní kí n ta òun náà, kí n fi san owó ọdún tó kù fún ọ. Edelmira ní kí n má dán an wò, pé ìwé wo, ìwé wo, ṣebí Néstor ọmọ òun náà gbàwé ẹ̀rí, kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé oúnjẹ kiri ojúlé onílé ní Puerto Montt, kò sì wálé mọ́. Ruperto ní kẹ̀kẹ́ ọ̀mọ̀wé yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ òpè. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà.

Èmi ò rí ti kẹ̀kẹ́ rò. Wíwá tí Néstor kò wálé ló ká mi lára. Ṣé o mọ̀ pé níbí, bí a bá fa ọmọ màlúù lé ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ lọ́wọ́, bó bá ti mọ iṣẹ́ tán, ẹni náà ló máa fà á padà wá sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé yunifásítì máa ṣe. Mo ní kí Ruperto bá mi pè wọ́n, mo bi ọ̀gbẹ́ni tó gbé fóònù pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa dá ọ padà, kí n lè wá dúró ní èbúté. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, àwọn kì í dá èèyàn padà, ibi tó bá wu ọmọ ló ń lọ. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Edelmira ń sunkún bó ti ń kọ èyí. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ọ. Mo ní kó kọ ọ́.

Wọ́n ní olórí kunkun ni mí. Mo ta Lucero lánàá, Ruperto á gbé owó náà dé báńkì. Àgbẹ̀ tó bí mi kò mọ̀wé, èmi náà kò mọ̀wé, ìwọ máa mọ̀ ọ́n dé òpin. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọ gan-an ni ìwé yìí máa ná mi, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí o lọ síléèwé, bá mi rò ó.

Mo fẹ́ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, owó ọkọ̀ ojú omi ni. Kì í ṣe èmi ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Bó bá ti pé, má fi ránṣẹ́, gbé e dání kí o máa bọ̀.

Ọlọ́run tó mú ọ lọ á mú ọ bọ̀. Edelmira ti ṣe àmín kí n tó wúre náà tán.

Èmi bàbá rẹ,
Eliecer