Ẹrù Olóògbé Tí Mo Kánjú Kó

                    Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹranko àti Kòkòrò,
                    Òpópónà Iléèwé,
                    Mowe, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                    Ọjọ́ 12, oṣù Bélú, 2024.

Ìbíwùnmí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Gbogbo ará Ìfọ̀ ńkọ́? Orúnkún ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù? Ara tèmi le, àfi ohùn tó há, torí ariwo àwọn ọmọ iléèwé tó kún ibí lánàá. A ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa!

Mo mọ̀ pé o máa bèèrè ohun tó dá wa dúró fún oṣù mẹ́rin. Èmi ni. Tíṣà Sàlísù ti Ìbàfò, tó fi ogójì ọdún kó labalábá, agbárí ẹranko àti ejò inú ìgò jọ, ti sọ lójú ẹbí pé tí òun bá kú, tiwa ni. Bí wọ́n ṣe ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ tán ni mo gbé ọkọ̀ lọ. Yaqub, ọmọ wọn, ṣílẹ̀kùn, mo kó gbogbo ẹrù náà. Ìyá Sùwéébátù, ìyàwó olóògbé, wà nínú yàrá, wọ́n ń ṣe opó. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn.

N ò tíì dé Mowe tí wọ́n fi pè mí. "Àjíbíkẹ́, kí ló ń lé ọ? Dá ẹrù ọkọ mi padà." Mo ní mo ti pín ìwé ìpè. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwé ìpè yẹn ni kó o pàtẹ fún wọn."

Mo dá a padà. Inú bí mi, n ò ní purọ́. Ìgbà tí a ń tò ó ni Ìyá gbé ìgò kan sókè: "Kí lèyí?" N ò mọ̀. Nọ́ńbà lásán ló wà lára gbogbo wọn, òjò sì ti ba ìwé tí Tíṣà kọ orúkọ wọn sí jẹ́ tipẹ́. Orí Ìyá nìkan ni orúkọ wọn kù sí. Àṣé àwọn ló máa ń gbé àwọ̀n tẹ̀ lé ọkọ wọn. Gbogbo Àlàmísì títí opó fi pé, wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Bí opó ṣe pé ni wọ́n ní kí n wá kó ẹrù náà. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn níbi tí mo ti kàwé ìṣòwò.

Lánàá, Ìyá wá fúnra wọn, wọ́n ń ka káàdì tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ paramọ́lẹ̀, wọ́n ka ohun tí mo kọ: "Tíṣà Sàlísù ló mú un."

"Irọ́ o! Orí tábìlì ni Bàbá Yaqub sá gùn. Èmi ni mo fi igbá dé e mọ́lẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo fa bíró yọ, mo pa orúkọ Tíṣà rẹ́, mo kọ tiwọn. Lẹ́ẹ̀kan yìí, mo kánjú, ẹnikẹ́ni ò bá mi wí.

Bá mi kí Lukman ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ìkarahun alábahun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fún wa ńkọ́? Má tíì gbé e wá o. Kọ́kọ́ bi ìyàwó wọn.

                    Èmi ni tìrẹ, oníkánjú rẹ,
                    Àjíbíkẹ́.