Agbọ̀n Ata Tí Mo Kọ Orúkọ Rẹ Sí

Abúlé Alágbàáà,
Lẹ́bàá Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹjọ, 2006.

Màríyámọ̀ ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Tiwa ọmọ rẹ ńkọ́, ọmọ tuntun ńkọ́? Ọlọ́hun Ọba kò ní jẹ́ ká fi ẹkún ṣe ọ̀rọ̀ ara wa. Òjò tó ń rọ̀ ní Èkó kò ní bá yín wọlé ní Ikosi, ilé tí ẹ ń gbé kò ní lé yín, iná kò ní kú lábẹ́ ìkòkò rẹ láéláé. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, torí mo mọ̀ ọ́, o máa ń fo àdúrà.

Àlàáfíà la wà níbí, àfi ẹsẹ̀ baba yín tó tún wú. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n á sì máa ní kò sí nǹkan kan títí wọn ò fi ní lè dìde lórí ẹní. Ewúrẹ́ mi dúdú bí méjì, ó tẹ ọ̀kan pa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí o, tíṣà Elkanah tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé nírọ̀lẹ́ kàn fún mi ní bébà àti bírò ni, nítorí náà bí ìlà bá wọ́, fojú fò ó. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo lọ wo ata tí mo sá bóyá òjò fẹ́ rọ̀, kò sí òjò, mo padà wá jókòó, mo tún dìde. Baba yín ní kí n fìdí lélẹ̀, mo ní ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ara mi ò balẹ̀, Màríyámọ̀, láti ọjọ́ tí o ti pè wá lórí fóònù Elkanah ni ara mi ò ti balẹ̀.

Ọjọ́ náà lo sọ fún mi pé wọ́n ti dá ọkọ rẹ dúró ní ọ́fíìsì wọn ní Ogudu, òun àti àwọn mẹ́tàlá mìíràn, o sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ mọ́. O ní kí n má ṣèyọnu, pé ìwọ àti Muideen ti jókòó, ẹ ti kọ gbogbo nǹkan jíjẹ tí ẹ ń rà sínú ìwé kan, ẹ sì ti ń fa ìlà pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí owó oúnjẹ lè dín kù. Ẹran, ó di Jímọ̀ sí Jímọ̀. Búrẹ́dì, ó di ọjọ́ tí àlejò bá wá. Kọnfíléèkì Tiwa, ẹ ti fa ìlà pa á. Ìyẹn ò tilẹ̀ dùn mí, torí mo rí nǹkan náà nígbà tí mo wá bá ọ wẹ ọmọ, àgbàdo tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ lásán ni, wọ́n wá kó o sínú páálí tó tóbi tó àpótí aṣọ mi, nígbà tí mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ń sanwó afẹ́fẹ́! Fún ọmọ lógì.

Mo ń kà á bí o ṣe ń kà á, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yín ni ìwé yẹn kàn, ìwọ nìkan ni mi ò gbọ́ nǹkan tirẹ. Ìgbà tí o wá gbé fóònù fún Tiwa pé kó kí mi, mo bi í pé kí lẹ jẹ lálẹ́ àná. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò mọ irọ́. Ó ní òun jẹ ẹ̀bà, dádì òun jẹ ẹ̀bà, mọ́mì òun kì í jẹun alẹ́ mọ́, mọ́mì máa ń ní òun ti yó. Yéè! Abiyamọ olóṣù mẹ́rin! Kí lo jẹ tí o fi yó? Mo ní kó gbé fóònù padà fún ọ, o ní ò ń fi kọ́ra sílẹ̀ de ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni. Mo ní ta ló ní kí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú gbààwẹ̀? Lo bá ní kírẹ́díìtì fẹ́ tán, fóònù bá kú. Èmi ò dákẹ́ o. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi sínú fóònù náà lẹ́yìn tó kú tán, kí ọ̀rọ̀ náà lè wà níbẹ̀ dè ọ́ nígbà tí o bá tún tan tìrẹ. Elkanah ń wò mí. Ṣé o bá a níbẹ̀? Ibi tí mo ti bú ọkọ rẹ, jọ̀ọ́, pa ìyẹn rẹ́, inú ló ń bí mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ní ó yá, ìwọ ọmọ aláta, kí ló dé tí wàá máa fowó ra ata? O ní òkìtì ata kékeré kan ní Mile 12 ti di àádọ́ta náírà, ata méje! Ata méje ni mò ń sọnù lójú ọ̀nà oko. Ata wa níbí náà sì ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Mo wọ oko, mo já odidi agbọ̀n ata rodo kan fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. Ewé tí mo fẹ́ fi tẹ́ ìsàlẹ̀ agbọ̀n ò tó, mo bá yọ gèlè pupa tí o rà fún mi ní Iléyá, èyí tí áyọ́ọ̀nù jó létí, mo fi tẹ́ ẹ. Elkanah bá mi kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, MÀRÍYÁMỌ̀, IKOSI, mo so ó mọ́ etí agbọ̀n, mo gbé e fún Sàká, awakọ̀ tó ń kó ata abúlé wa lọ sí Mile 12. Mo ní kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ó ní lọ́rì òun ò ráyè wọ àdúgbò yín, ibi tí òun ń já ẹrù sí ni òun máa já a sí. Mo ní kò burú, orúkọ ọmọ mi ṣáà wà lára rẹ̀, Mile 12 ò sì jìnnà sí ilé rẹ, ẹni tó bá ti rí i yóò gbé e lọ fún un. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá já ẹrù sójú ọ̀nà níbí, tórúkọ ẹni wà lára rẹ̀, ta ló jẹ́ gbé e?

Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé ní Mile 12, orúkọ tó bá wà lára agbọ̀n ni orúkọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ta ọjà! Alhaji Múdàṣírù tó ń bá àwa ará oko ta ata níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dìláálì, ka Màríyámọ̀ Ikosi, wọ́n ní àlùbáríkà, oníbàárà tuntun dé. Wọ́n já páálí orúkọ sápò kí wọ́n lè fi rántí ẹni tí wọ́n máa fowó ránṣẹ́ sí, wọ́n gbé agbọ̀n síta.

Ìwọ náà sì bọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ìwọ àti Clara pẹ̀lú Adédiwúrà, àwọn aládùúgbò rẹ méjì tí ẹ jọ ń dáwó ra odidi agbọ̀n kẹ́ ẹ lè pín in kó dínwó. Ọgbọ́n dáadáa nìyẹn, mi ò bá ọ wí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n o ná ata mi, Màríyámọ̀! Ẹnu ara rẹ lo fi sọ fún mi pé o ná an títí ọ̀fun rẹ fi gbẹ, pé o ní ata náà ti rọ̀, pé ẹni tó já a ò mọ ata já! Èmi! Èmi tí mo ti ń já ata kí wọ́n tó bí ìyá ọkọ rẹ! Ẹ sanwó, ẹ gbé e délé, ẹ ń pín in ní abọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in dé ìsàlẹ̀, lo bá rí gèlè mi. Nígbà tí o pè mí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín lò ń rín ni tàbí ẹkún.

Lọ́jọ́ Ajé, Sàká dé, ó ka owó lé mi lọ́wọ́, ó ti yọ owó ọkọ̀, dìláálì ti yọ tiwọn. Ó ní ọjà mi tà wàrà, pé obìnrin alágídí kan láti Ikosi ló rà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ dín owó oúnjẹ rẹ kù, èmi náà ni mo wá gba owó oúnjẹ rẹ!

Mi ò lè jẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba Ìsẹ́yìn lọ, mo wọ báńkì, Elkanah ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì ọkọ rẹ sínú bébà fún mi. Mo gbé èlùbọ́ kóńgò méjì dání, torí ọkọ̀ tó máa gbé owó lọ sí Èkó náà lè bá mi gbé èlùbọ́. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Jessica lorúkọ rẹ̀, ó gba owó, ó ní àwọn kì í gba èlùbọ́. Mo ní kò wúwo. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó wá da owó mi pọ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíràn nínú dúrọ́ọ̀, mo figbe ta, mo ní báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ti Màríyámọ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Mo bá lọ jókòó sábẹ́ igi níwájú báńkì, mo ń ṣọ́ ọkọ̀. Mo ṣọ́ ọ láti aago mẹ́wàá títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ kankan ò jáde. Nígbà tí Elkanah wá sọ fún mi pé ẹ ti ní owó ti dé láti ọ̀sán, mo ní irọ́ ni, ojú mi ló ṣe. Lọ tún un kà, kí o sì wò ó bóyá tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ ata ti parí. Ata kọ́ ló jẹ́ kí n máa dìde máa jókòó. Mo lè sọ èyí tó kù lórí fóònù, ṣùgbọ́n etí Elkanah ń bẹ níbẹ̀, wàá sì tún ní kírẹ́díìtì ti tán.

Ṣé o rántí ọdún tí òjò kọ̀, tí ata wa gbẹ lórí ìdúró? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Bí mo bá ti bu oúnjẹ fún baba yín àti ẹ̀yin ọmọ, mo máa ń ní mo ti jẹ iṣu sísun lóko. Ìwọ lo máa ń tẹjú mọ́ mi, wàá ní, ìyá mi, ṣé ẹ yó lóòótọ́? Màá ní mo ti yó. Kò síṣu. Omi ni mò ń mu. Àbúrò rẹ Ràfíù ni mò ń fún lọ́mú nígbà náà, ọmú mi gbẹ, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin ni oúnjẹ máa dín kù lára yín. Gbogbo yín lẹ gbà pé ibà ló pa Ràfíù. Ibà kọ́. Baba yín ò mọ̀ dòní. Èmi nìkan ni mo mọ̀, ìwọ náà sì ti wá mọ̀ báyìí. Nítorí náà, má sọ fún èmi pé o ti yó. Ọwọ́ mi lo ti kọ́ irọ́ yẹn, mo sì mọ iye tó ná mi.

Mo ti dìde nígbà tí mo kọ ìyẹn tán, mo ti padà wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, fa ìlà pa á nínú ìwé yín, kó jẹ́ òun ni ìlà àkọ́kọ́. Baba yín ń kùn, má dá wọn lóhùn, wọ́n lẹ́ran ewúrẹ́ láti jẹ. Owó ẹyọ kan ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ, owó ọkọ̀ mi. Mo ti fi tọwọ́ mi ra ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí, kò sì ku nǹkan kan. Sàká tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lọ́la ti gbà láti gbé mi wá ní Ọjọ́rú, ó ní kí o dúró dè wá ní ibi tí wọ́n ti ń já ata, kí o san ẹgbẹ̀ta náírà fún òun. Má ná an. Mo ti ná an tán.

Ọlọ́hun yóò ṣí ọ̀nà mìíràn fún Muideen, èyí tó sàn ju ti Ogudu lọ. Wàrà ò ní gbẹ lọ́mú rẹ. O kò ní fọwọ́ ara rẹ sin èyí tí o bí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fọwọ́ mi sin tèmi. Àmín, àmín, àmín.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, iwájú mi ni wàá ti jẹun, màá sì máa wo ẹnu rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ajarat.