Omi Abẹ́ Yàrá Bàámi

Ọjọ́ Ajé, 15 Méè, 1961

Òjò rọ̀ lánàá, ó rọ̀ lónìí. Omi ti yọ nínú ilé mi. Kì í ṣe láti òkè o — páànù mi ò jò rí. Ilẹ̀ ló ti ń jáde, nínú yàrá tí Bàámi wà. Ó dúdú, ó rin, ó gùn tó ẹni tó nà gbalaja. Mo fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Ó tutù wọ egungun.

Èmi Múyì. Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mo sì kọ́ ilé tí tíṣà ò lè kọ́. Ní gbogbo ìlú Ìrókò, ta ni ò ra sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ mi? Bí wọ́n bá gbọ́ pé ilẹ̀ ilé tèmi ń mu omi ńkọ́?

Wọn ò ní gbọ́.

Ọjọ́rú, 17 Méè

Mo da sìmẹ́ǹtì tuntun lé e, àpò kan àbọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rẹ́ ẹ. Ó ń dán bí awo.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Méè

Ó ti padà. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ — Àlejò. Ó ti gun ògiri dé orókún mi, ọ̀dà tí mo kùn ti ń ṣí bí èèpo.

Ọjọ́ Ìsinmi, 21 Méè

Ìyàwó mi Leah — Ọ̀gá Àdúrà ni mò ń pè é nínú ìwé yìí — ti gbé ọ̀rọ̀ dé ìjọ Kérúbù rẹ̀. Mo ti ní kó má sọ. Ó ní òun ò sọ fẹ́nì kankan, wòlíì ló rí i fúnra ẹ̀: bàbá arúgbó kan dúró sínú omi, ó kẹ̀yìn sí ilé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé tí wòlíì ò rí gọ́tà.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Ó kẹ̀yìn sí ilé.

Ọdún '52 ni Bàámi kú. Kùmásì ni mo wà, ọjà ń lọ dáadáa. Wọ́n ránṣẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá, mo fowó ránṣẹ́. Wọ́n tún ránṣẹ́, mo fi kún owó. Ìsìnkú tí mo fowó mi ṣe, wọ́n ń sọ ọ́ dòní. Ọdún kejì ni mo dé. Mo wó ilé amọ̀, mo gbé ti sìmẹ́ǹtì lé ojú ibẹ̀. Inú yàrá la máa ń sin òkú sí nílé wa; ojú yàrá rẹ̀ ni mo kọ́ yàrá tó dára jù sí. Èwo nínú àwọn ọmọ ìlú yìí ló ṣe bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́rú, 24 Méè

Ó dé itan mi. Òjò ò dá.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Méè

Mo mú bírìkìlà wá láti Ọlọ́runṣògo, kí ará ìlú má bàa mọ̀. Wándé lorúkọ ẹ̀. Ẹnu-Abẹ ló yẹ kó jẹ́. Ó fi èékánná ha ògiri, ó bi mí ta ló ṣe fandéṣọ̀n. Mo ní èmi ni mo dúró ti àwọn tó ṣe é. Ó ní, ó hàn.

Ó ní ojú ọ̀nà àgbàrá ni mo kọ́lé sí. Ó ní n ò to òkúta sábẹ́, n ò fi ọ̀dà dúdú dí ẹsẹ̀ ògiri. Pé sìmẹ́ǹtì tí mò ń dà lé e, ọmọrí ìkòkò ni. Omi tí ò ráyè jáde nílẹ̀ á gun ògiri. Ohun tó kù ni gọ́tà jíjìn lẹ́yìnkùlé, ká sì gbẹ́ inú yàrá yẹn, ká to òkúta, ká da ọ̀dà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri yẹn ò ní rí òjò ọdún tó ń bọ̀.

Ká gbẹ́ inú yàrá. Lórí Bàámi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Méè

Mo lọ sọ fún Ìyá Gbọ́njúbọ́lá, àbúrò Bàámi, àwọn nìkan ló kù nínú àwọn àgbà wa. Mo rò pé wọ́n á ní ká kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Wọn ò wò mí lójú. Wọ́n ní kí n má gbẹ́ ibẹ̀. Mo ní ilé á wó. Wọ́n ní kó wó. Jìmí àbúrò mi jókòó níbẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

Ilé mi ni wọ́n ní kó wó o. Ìlara.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Méè

Gọ́tà parí. Àgbàrá ń gba ẹ̀yìn lọ. Àlejò ò kúrò.

Mo dúró lórí ẹ̀ láàárọ̀, mo ní, Bàámi, ẹ má bínú, ibùsùn yín ni mo fẹ́ tún ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Júnù

A gbẹ́ ẹ. Leah lọ sí ìjọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ń sọ fún Wándé pé Bàámi wà nísàlẹ̀, kó rọra, kó rọra. Nígbà tó jìn dé orókún, ó dúró, ó bu ilẹ̀ sọ́wọ́, ó wò ó. Ó bi mí apá ibo ni orí wà. Mo fi hàn án. Ó gbẹ́ ibẹ̀ náà, ó gbẹ́ dé àyà. Yangí. Yangí nìkan.

Ó ní, “Bàbá, ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́ rí kì í le báyìí mọ́. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ibí yìí rí.”

Mo ní kó panu mọ́. Mo gba díígà lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ mi fi bó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Júnù

N ò kí Ìyá Gbọ́njúbọ́lá kí n tó bi wọ́n. Wọ́n ní oko ni Bàámi wà, lábẹ́ igi obì, lórí òkè, níbi tí omi kì í dé. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n sin òun síbẹ̀. Mo ní, ọdún mẹ́jọ lẹ fi purọ́ fún mi.

“A ò purọ́, Múyì. O sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, o nawọ́ sí yàrá, o ní ibí ni Bàámi wà, ibí ni n máa kọ́lé sí. Ẹnu wo la fẹ́ fi dá ẹ dúró? Bàbá ẹ ní tó o bá béèrè òun, ká mú ẹ wá. Tó ò bá béèrè, ká fi ẹ́ sílẹ̀.”

N ò béèrè.

Ọjọ́ Ajé, 5 Júnù

Wándé ti to òkúta, ó ti da ọ̀dà dúdú, ó ti rẹ́ ẹ. Òjò ńlá rọ̀ láti ìdájí. Yàrá gbẹ táútáú. Iṣẹ́ gidi ni, n ò lè purọ́. Mo jókòó sínú ẹ̀ láti àárọ̀.

Jìmí wà lẹ́nu ọ̀nà, àdá lọ́wọ́. Ó ní ọdọọdún lòun ń roko ibojì Bàámi, ọ̀nà ò jìn, òun á ṣáájú mi. Mo ní kó jẹ́ kí òjò dá.

Ó ní, “Bùrọ̀dá mi, òjò ti dá tipẹ́.”